Kí ni èèyàn lè lọ wò ní etíkun Dalmatia, kí sì ni ìtàn ibẹ̀?

Dalmatia ni etíkun Kroatíà tó kọjú sí Ítálì, létí òkun Adriatic tó jẹ́ apá kan òkun Mẹditaréníà. Bí ọjọ́ yín ò bá pọ̀, Split ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Diocletian, olú-ọba Róòmù, kọ́ ààfin síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì kó lọ nígbà tó gbé adé sílẹ̀ lọ́dún 305. Ààfin náà kò di ahoro o: àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù sì wà láàárín ògiri àtijọ́ náà. Ibojì Diocletian tó wà nínú ààfin náà ló wú mi lórí jù. Ọkùnrin yìí ṣe inúnibíni sí àwọn Kristẹni gidigidi, síbẹ̀ ibojì tó kọ́ fún ara rẹ̀ ni wọ́n sọ di kàtídírà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní.

Ẹ tún lè wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ lọ sí Dubrovnik. Odi tó yí ìlú náà ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2, ẹ sì lè rìn lórí rẹ̀. Ragusa ni wọ́n ń pe ìlú yìí láyé àtijọ́, ìlú olómìnira tó ń ṣòwò lórí òkun. Ní 1416, ìjọba rẹ̀ fòfin de òwò ẹrú. Ìmìtìtì ilẹ̀ wó púpọ̀ nínú rẹ̀ ní 1667, ìjọba Napoleon, olú-ọba ilẹ̀ Faransé, sì fòpin sí òmìnira rẹ̀ ní 1808. Èrò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀ lóṣù Keje àti Kẹjọ. Oṣù Karùn-ún tàbí Kẹsàn-án ló dáa.