Kì í ṣe eyín eku ni kí ẹ bẹ̀rù, eruku inú ilé náà ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Ní oṣù tó ń bọ̀, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́fà fẹ́ lọ sí abúlé ọkọ mi lẹ́yìn Ọdẹ́dá, láti ṣí ilé àti àká bàbá ọkọ mi tí a ti tì pa láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà. Eku ti gba ibẹ̀. Mo gbọ́ nípa àrùn hantavirus tí eku ń kó ran ènìyàn, tí ó pa ìyàwó òṣèré kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ilé wa ní ẹni tí eku bá gé jẹ tàbí ẹni tó bá jẹ eku ilé nìkan ló ń kó o, àwa kì í sì í jẹ eku ilé. Síbẹ̀, mo ra àgúnmu kan lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Láfẹ́nwá. Ó ní kí a máa fi mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ọjọ́ mélòó ni kí a fi lò ó kí a tó lọ, ṣé ọmọ náà sì lè lò ó? Ìyá ọlọ́mọ kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ìyá wa. Ẹ bi mí ní iye ọjọ́. Ìdáhùn mi ni pé kò sí ọjọ́ kankan. Ẹ má lo àgúnmu náà, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ẹnu ọmọ yín, nítorí pé kò sí àgúnmu, àgbo, ọtí líle tàbí omi iyọ̀ tí ìwádìí fi hàn pé ó ń dènà àrùn yìí, ẹ̀yin fúnra yín kò sì mọ ohun tí wọ́n gún papọ̀ sínú èyí tí ẹ rà. Ṣé a ti gbàgbé ọdún 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, tí ariwo gba gbogbo ìlú lóru ọjọ́ kan pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún, tí ìròyìn àwọn tí iyọ̀ náà pa sì tẹ̀lé e?

Ṣùgbọ́n àgúnmu yẹn kọ́ ni ó dà mí láàmú jù nínú ìwé yín. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilé yín ni, nítorí pé mo ń gbọ́ ọ láti abúlé kan dé èkejì: pé ẹni tí eku kò gé jẹ, tí kò sì jẹ eku, ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn eku. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, eku lè fi eyín kó àrùn náà ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ́pọ̀. Imú ni hantavirus ń gbà wọ ara ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ń mú. Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti itọ́ eku yóò gbẹ mọ́ ilẹ̀, mọ́ ẹní, mọ́ àpò àgbàdo. Nǹkan yóò rú u sókè. Ẹni tí ó wà nítòsí yóò sì fà á símú pẹ̀lú eruku láìmọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀ sí òun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ hàn yín. Ní ọdún 1993, ní ibi tí New Mexico, Arizona, Colorado àti Utah ti pààlà ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Navajo, bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí èémí bá ti há wọn láyà. Òjò àti yìnyín ti pọ̀ ṣáájú àkókò náà, oúnjẹ pọ̀ fún eku nínú igbó, eku sì bí sí i títí tí wọ́n fi ń ya wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2012, àwọn àlejò tí ó lọ sinmi ní ọgbà Yosemite ní California ni ó kàn: ènìyàn 10 ni àrùn náà mú, 3 sì kú nínú wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni ó ti sùn nínú àwọn àgọ́ tí eku tẹ́ ìtẹ́ sí àárín ògiri wọn. Ìyàwó òṣèré tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, Betsy Arakawa, aya Gene Hackman, ní New Mexico náà ni ó kú sí ní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn tí ó yẹ àyíká ilé wọn wò sì rí ìtẹ́ eku àti òkú eku nínú àwọn ilé kéékèèké tí ó yí ilé ńlá náà ká. Ilé tí a kì í sábà wọ̀, ilé tí a tì, ilé tí eku ti jọba: irú ilé tí ẹ̀yin náà fẹ́ lọ ṣí nìyẹn.

Fún àlàyé díẹ̀ sí i, hantavirus kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo. Agbo ilé fáírọ́ọ̀sì ni, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ń mú ènìyàn ni ó sì ní irú eku tirẹ̀ tí ó ń gbé inú rẹ̀ láì mú un ṣàìsàn. Odò Hantan ní Kòríà ni orúkọ náà ti wá. Nígbà ogun ibẹ̀, láàárín ọdún 1951 sí 1953, ó lé ní 3,000 ọmọ ogun tí ó ṣàìsàn láìsí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀, àfi ìgbà tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Kòríà, Ho Wang Lee, rí ojú ẹsẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀dọ̀fóró eku oko ní ọdún 1976. Irú ti Éṣíà àti Yúróòpù a máa kọlu kíndìnrín. Irú ti Amẹ́ríkà a máa fi omi kún ẹ̀dọ̀fóró, nínú ènìyàn 10 tí ó bá sì mú bẹ́ẹ̀, ó tó 3 tàbí 4 tí ó ń kú. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, wọ́n rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní Sangassou nínú eku igbó ní Guinea, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2006.

Èyí tí ó ti pa ènìyàn wa ní Nàìjíríà lọ́dọọdún ni ibà Lassa, agbo ilé fáírọ́ọ̀sì mìíràn sì ni ìyẹn. Láti ọdún 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, kò tíì fi wá sílẹ̀. Ẹdó, Oǹdó, Bauchi àti Taraba wà lára ibi tí ó ti ń jà jù, Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí wa. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yín bí a bá mú ti Lassa wá, nítorí pé ẹni tí ó ń pa eku, tí ó ń yọ ìfun rẹ̀, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o. Ṣùgbọ́n Lassa náà ń gba inú eruku wọlé, ó ń gba inú oúnjẹ tí eku tọ̀ sí, ó sì ń ti ara aláìsàn ran ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara. Ẹ wo láfún tí à ń sá sórí àpáta ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Mo ti rí i ní abúlé púpọ̀ pé ilẹ̀ ṣú bá a níbẹ̀, tí ó di àfẹ̀mọ́jú kí ẹnikẹ́ni tó kó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tí ẹ bá bá níbẹ̀ pé kí wọ́n kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sì dé e sínú ike tí ó ní ìdérí.

Ohun tí ó kù yìí ni yóò ṣòro jù láti gbà fún obìnrin tí a tọ́ dáadáa. Bí ẹ bá ṣí ìlẹ̀kùn ilé náà, ìgbálẹ̀ ni ọwọ́ yín yóò kọ́kọ́ nà sí, ìgbálẹ̀ náà gan-an ni mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀. Àwa wolé-wolé ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ayé àwọn ọ̀gá wa tí wọ́n ń yọjú wo ìkòkò omi nítorí tanwíji ni a ti ń kọ́ àwọn ìyá wa pé kí ilẹ̀ mọ́ kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, a sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a kò fi kún un pé ilẹ̀ tí eku tọ̀ sí, tí ó ti gbẹ, kò gbọdọ̀ rí ìgbálẹ̀. Ẹni tí ó bá gbá a ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn láti ilẹ̀ wá sí imú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó gbọn ẹní tàbí àpò nínú yàrá.

Kí ọkọ yín ṣí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé gbogbo, kí ó sì jáde kúrò níbẹ̀ fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ọmọ má wọlé rárá títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ po ìwọ̀n bílíìṣì kan mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án lójú ẹsẹ̀, ẹ má po oògùn apakòkòrò mìíràn mọ́ ọn, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó lè jáde lára rẹ̀ léwu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòmú tí ó fún mọ́ ojú dáadáa. Aṣọ tí a ta mọ́ imú lásán kò tó. Ẹ fi omi náà rin gbogbo ibi tí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ìtẹ́ eku tàbí òkú eku títí yóò fi tutù ṣinṣin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ tó fi àkísà nù ún sínú ọ̀rá méjì tí ẹ ó dì, tí ẹ ó sì rì mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi kan náà nu gbogbo ilẹ̀. Ẹní àti aṣọ, ẹ rọra gbé wọn síta sínú oòrùn, ẹ fọ èyí tí ó bá ṣeé fọ̀. Àgbàdo tí ìgbẹ́ eku bá wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó dunni. Ọtapíapíà kì í pa ohun tí eku ti tọ̀ sílẹ̀, oúnjẹ inú àká ni yóò sì sọ di májèlé.

Dókítà tí ó fojú rí aláìsàn nìkan ni ó lè sọ ohun tí ń ṣe é. Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí mo kọ yìí kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò. Lassa sábà máa ń farahàn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, hantavirus láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́jọ. Bí ibà, orí fífọ́ àti ìrora itan àti ẹ̀yìn bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín láàárín àkókò náà, ẹ má fi oògùn ibà lé oògùn ibà nílé. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n tó bi yín pé ẹ wọ ilé tí eku wà, nítorí pé oògùn Lassa tí wọ́n ń pè ní ribavirin ń wúlò jù bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232.

Bí ọmọ náà bá sì ti tọ́ àgúnmu yẹn wò kí ìdáhùn yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí ó ń bì tàbí tí oorun ń kùn ún ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì mú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí dání fún dókítà.