Èsì: Ṣé ọlọ́pàá Arizona lè béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àbúrò mi?

Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni o. Òfin ìpínlẹ̀ Arizona tí wọ́n ń pè ní SB 1070, ti ọdún 2010, ló fún wọn láyè. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé apá mẹ́ta nínú rẹ̀ ní 2012, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan apá yìí. Ẹ̀sùn mìíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dá a dúró, bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò tàn. Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí: wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀, ni ìbéèrè ìwé bá dé. Kó máa fi green card rẹ̀ sápò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ti pé ọdún 18 máa mú un rìn.

Ẹ tún ní kí èèyàn ṣáà gba ọ̀nà tó tọ́. Ọ̀nà wo? Amẹ́ríkà ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú físà lọ́tìrì láti DV-2015, ìyẹn lọ́tìrì ti ọdún 2015. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn ná.