Kí ló dé tí Ààrẹ ilẹ̀ Benin fi ń pe àwọn baba ńlá nígbà tó bá ń búra?

Ìbéèrè kan wá láti Kétu: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ìjọ ni mí. Nígbà tí Ààrẹ bá ń búra ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó máa ń pe Ọlọ́run tán, á tún pe ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ìjọba tó ní òun ò ṣe ẹ̀sìn kankan, kí ló fẹ́ fi òkú ọ̀run ṣe? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi ọgbọ́n mú gbogbo wa bọ òrìṣà? Ṣé wọn ò sì lè yọ ọ́ kúrò ni?"

Àbúrò, kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa kọ́kọ́ kọ lóminú. Ó ti dé ilé ẹjọ́ rí.

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní abala 53, ló to ọ̀rọ̀ ìbúra náà. Ààrẹ á búra níwájú Ọlọ́run, níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá, níwájú orílẹ̀-èdè àti àwọn ará ìlú. Ní ìparí, á ní bí òun bá búra èké, kí òfin fìyà tó le jẹ òun. Má gbàgbé gbólóhùn ìparí yẹn, a ṣì máa padà sí i.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1996, Mathieu Kérékou dìde láti búra lẹ́yìn tó ti fi ìbò gba ipò lọ́wọ́ Nicéphore Soglo. Òun kan náà ló fi ìbọn gba ìjọba ní 1972, tó kéde ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ní 1974, tí ìjọba rẹ̀ sì gbógun ti àwọn abọrẹ̀ àti àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn. Nígbà tó máa fi padà dé, ó ti di onígbàgbọ́ paraku. Ó ń ka ìbúra lọ, ó kan àwọn baba ńlá, ó fò wọ́n. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ìpìlẹ̀, tí Elisabeth Pognon jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà. Ilé ẹjọ́ ní odidi ni ìbúra, kò ṣeé ṣà mú, èyí tó ṣe kò bá òfin mu. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, Kérékou tún un ṣe, ó sì pe gbogbo rẹ̀ pé. (Alágẹmọ ni wọ́n ń fi Kérékou pè, torí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn, pé ẹ̀ka igi kì í ṣẹ́ lọ́wọ́ alágẹmọ. Ẹ̀ka ò ṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ ó tẹ̀.)

Èmi gbà pé ilé ẹjọ́ ṣe é re, ìdí tí mo sì fi gbà bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ìbúra jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń búra kò sin ohun tó fi búra. Àwọn méjì tí wọ́n ń du ààlà oko lè fi Ògún búra, kí wọ́n fi ahọ́n kan irin, kí ọ̀kan nínú wọn má sì mọ ọ̀nà ojúbọ Ògún rárá. Ẹlẹ́rìí ni ìbúra ń wá: ẹlẹ́rìí tí kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọn kò lè lé kúrò nílùú, tí ikú kò lè pa mọ́. Àwọn alálẹ̀ ni irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mulẹ̀, tí a sì ń pe ẹni tó bá yẹ májẹ̀mú ní ọ̀dàlẹ̀, pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Olóyè tó bá búra níwájú àwọn alààyè nìkan, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ta ni nínú wọn ló máa bi í?

Ìwọ tó jẹ́ ará Kétu yẹ kí o mọ èyí ju èmi lọ. Ìdílé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu ní àjẹyípo. Ẹni tó bá wà lórí àga mọ̀ pé láti ilé ẹlòmíràn ni àga ti wá, ilé ẹlòmíràn ló sì ń lọ. Àwọn àgbà tún máa ń pìtàn pé nígbà tí ọba Edé kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibẹ̀, ìyá àgbà kan ló ti wà lórí ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti tọrọ iná. Wo bí ìtàn yẹn ṣe gbọ́n tó: ẹni tó tẹ ìlú dó gan-an jẹ gbèsè iná, torí náà kò sí ọba tó lè dìde lẹ́yìn rẹ̀ kó ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èrò ìṣèlú nìyẹn, kì í ṣe ààlọ́.

Àwọn baba ńlá ta ni Ààrẹ wá ń pè? Ibi tí mo ti gbà pé àwọn tó kọ ìwé òfin náà gbọ́n jù lọ nìyí: wọn kò sọ. Ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ti ń búra, ìtàn ní àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló kọ́kọ́ rí ohun abàmì olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú ògán, tí wọ́n sì kọ́ ojúbọ Àbẹ̀sán sí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Te-Agbanlin ti Aládà dé, tí oyè ọba sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gùn. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó jọba. Kétu tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun Dahomey, ìjọba tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Abomey, ló fọ́ ọ ní 1886, tó kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Àwọn baba ńlá Kétu tí wọ́n kó, àti àwọn baba ńlá Abomey tó kó wọn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló pe àwọn méjèèjì wá dúró síbi ìbúra, pẹ̀lú ti Bàrìbá àti ti Dẹ́ńdì. Ká ní wọ́n dárúkọ òrìṣà kan tàbí ìdílé ọba kan ni, èmi pàápàá á bá ọ jà sí i.

Rántí pé kì í ṣe àwọn abọrẹ̀ ló kó ara wọn jọ kọ ìwé òfin yìí. Àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì ọdún 1990, tó fòpin sí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ló bí i, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì kan, Isidore de Souza, ló sì darí àpérò náà.

Ti pé ìjọba kò ṣe ẹ̀sìn, òótọ́ ni, abala 2 wí bẹ́ẹ̀, abala 156 sì ní ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà láé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó níbí kò rí bíi ti Faransé, níbi tí òfin 1905 ti ya ìjọba nípá kúrò lọ́dọ̀ ìjọ. Ní Benin, àga ni wọ́n tò fún gbogbo àlejò: ìsinmi wà fún Kérésìmesì, ó wà fún Iléyá, ó sì wà fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní oṣù Kìíní.

Mi ò ní tàn ọ́ pé kò nira fún ẹnikẹ́ni. Àfáà á sọ fún ọ pé mùsùlùmí kì í fi ohun mìíràn búra yàtọ̀ sí Ọlọ́run. Ìwọ náà, ṣí Mátíù 5:34: "Ẹ má ṣe búra rárá." Bí a bá tẹ̀ lé ẹsẹ yẹn dé ìdí, kì í ṣe àwọn baba ńlá nìkan ló yẹ kí Kérékou fò. Ìjọ ajíhìnrere ni Boni Yayi, tó jẹ Ààrẹ lẹ́yìn Kérékou, náà ń lọ, ó sì búra ní 2006 àti ní 2011. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àjàṣẹ́ ni pé àwọn àlájì tí wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkú rárá, ẹ kàn jẹ́ kí ìyá àgbà ilé wọn bẹ̀rẹ̀ oríkì orílẹ̀ wọn, ẹ ó rí bí orí wọn ṣe máa wú. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìbọ.

Ó wá ku gbólóhùn ìparí tí mo ní kí o má gbàgbé. Abala 74 ní bí Ààrẹ bá rú ìbúra rẹ̀, ó ti dalẹ̀ nìyẹn, ilé ẹjọ́ gíga kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni yóò sì dá ẹjọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó lè fẹ̀sùn kàn án, ó di dandan kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i. O rí i pé òfin kò fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn òkú ọ̀run.

Ṣé wọ́n lè yọ ọ́? Wọ́n lè yọ ọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà kí àwọn ará ìlú dìbò sí i, àfi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn aṣòfin bá ti fọwọ́ sí i. Ní 2019 wọ́n tún ibi púpọ̀ ṣe nínú ìwé òfin náà, wọn ò fọwọ́ kan gbólóhùn yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Patrice Talon tún wá sí Àjàṣẹ́, ó sì pe àwọn baba ńlá bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀.