Wákàtí 20 tí o kò kọ sílẹ̀

O kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹ ń bá àwọn oníbàárà ṣe ń gba wákàtí 60 lọ́wọ́ rẹ lọ́sẹ̀, pé ọmọ rẹ ti máa ń sùn kí o tó dìde nídìí ẹ̀rọ. O wá bi mí bóyá kí o wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. N kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Gbólóhùn kan wà láàárín lẹ́tà rẹ tí o sáré kọjá bí onígbèsè ṣe ń sáré kọjá níwájú ilé ẹni tó yá a lówó: "40 ni mo máa ń kọ sínú timesheet, mà, kí ọ̀gá má baà rò pé mi ò mọṣẹ́."

Ta ló ní kí o purọ́?

Timesheet yẹn, ìwé tí òṣìṣẹ́ ń kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí, ni ilé-iṣẹ́ rẹ fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Òun náà ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò tí wọ́n bá fẹ́ dá iye lé iṣẹ́ tó ń bọ̀. Nígbà tí o kọ 40, o sọ fún wọn pé wákàtí 40 tó fún iṣẹ́ tó gba 60, wọ́n sì gbà ọ́ gbọ́. Iye yẹn ni wọ́n á fi ta iṣẹ́ kejì, wọ́n á dá ọjọ́ tí yóò parí fún oníbàárà, wọ́n á wá gbé e lé ọ lọ́wọ́. Tàbí kí wọ́n gbé e fún ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí yóò máa sunkún lóru pé orí òun ni kò pé. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣáájú rẹ ti kọ 40 tirẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́.

Inú ń bí mi, nítorí lẹ́tà bíi tìrẹ ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọ̀gá kan wà lóòótọ́ tí wọ́n máa ń sọ ọ́ lẹ́nu pé kí òṣìṣẹ́ má kọ ọ́. O kò sọ pé tìrẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ló mú ọ, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé e jáde pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 pọ̀ lórí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. 60 ni ara rẹ ń ṣe. 40 ló wà nínú ìwé. Bí o bá ṣubú lulẹ̀ lọ́la, ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ló fà á!

Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kọ 60. Kọ ohun tí o fi wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìpàdé, fóònù òru, àwọn àtúnṣe tí kò sí nínú àdéhùn tí o ṣáà ń bá oníbàárà ṣe. Kí o tó fi ránṣẹ́, lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sọ fún un pé bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ìwọ lo ń fi pamọ́. Kò ní rọrùn fún ọ láti sọ. Ó sì lè bínú.

Ní ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, 40 kan náà lo máa gbé lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, kọ̀wé sí mi, kí o sọ ohun tí ọ̀gá rẹ wí.