Blitz wo ni kó o rà? Èmi tí mo ti náwó sí i ló ń sọ̀rọ̀ o

Àbúrò tó ń béèrè pé èwo nínú àwọn géèmù NFL Blitz (NFL ni líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) lòun lè rà fáwọn ọmọ òun, pé ṣé kóun kàn wá èyí tó dé kẹ́yìn, jọ̀ọ́ má tíì náwó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí mi ò tíì rà níbẹ̀.

Chicago ni mo ti bá a pàdé ní 1998, a ò tíì pẹ́ tá a dé láti Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ẹ̀ onídùúró, tí wọ́n ń fi owó ẹyọ ta, wà nílé ìfọṣọ tí màmá mi máa ń rán mi lọ ní Sátidé. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù há abíyá sá lọ, àmọ́ Blitz ò bi ẹ́ léèrè òfin. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni, ọ̀kan láti sáré, ọ̀kan láti ju bọ́ọ̀lù, ọ̀kan láti fò tàbí gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù méje méje ni dípò mọ́kànlá, yáàdì 30 lo máa lé dípò 10 kí bọ́ọ̀lù má bàa kúrò lọ́wọ́ ẹ, kò sì sí fáàlù, o lè gbá ẹni tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí ṣubú kí bọ́ọ̀lù tó dé ọwọ́ ẹ̀. Èyí tó wá dùn jù ni pé tí bọ́ọ̀lù bá ti kú, tọ́kùnrin ọ̀hún ti wà nílẹ̀, o ṣì lè fò lé e láyà. Kò fún ẹ ní póìntì kankan o, ìkà lásán ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà. Lọ́jọ́ kan mo fi gbogbo owó ẹyọ tó yẹ kí n fi gbẹ aṣọ ta géèmù tán, oṣù January ni, nígbà tí mo fi máa gbé aṣọ tútù délé, ṣòkòtò bàbá mi ti le bíi pákó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tójú mi rí.

Ọdún yẹn náà ló dé orí N64 (Nintendo 64) àti PlayStation, àwọn ẹ̀rọ géèmù inú ilé, lẹ́yìn ẹ̀ Midway, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ń gbé tuntun jáde lọ́dọọdún. Mo rà Blitz Pro, wọ́n ti dá a padà sí mọ́kànlá mọ́kànlá, wọ́n fẹ́ kó jọ bọ́ọ̀lù gidi, ó sì tẹ́ lẹ́nu. Lópin 2004 EA, ilé iṣẹ́ géèmù míì, gba ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ NFL fún ara wọn nìkan, ni Midway bá dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ nínú Blitz: The League ní 2005, eegun ń kán, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ olóògùn. Èmi gbádùn ẹ̀ o, àmọ́ má jẹ́ káwọn ọmọ ẹ fojú kàn án, òun àti ìkejì ẹ̀ tó jáde ní 2008. Midway wọ gbèsè ní 2009, EA ra orúkọ Blitz, wọ́n sì gbé e jáde padà ní 2012. Ó dán, ó yára, àmọ́ tọ́kùnrin bá ti ṣubú, ó parí nìyẹn, o ò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀rọ onídùúró tí wọ́n ṣe fún ilé ní 2022 náà, wọ́n yọ fífò léèyàn láyà yẹn kúrò nínú ẹ̀.

Nítorí náà ti N64 àkọ́kọ́ ni kó o rà, tàbí Blitz 2000. Yẹ kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò dáadáa o! Ẹnì kan ta ọ̀kan fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tì í bọnú ẹ̀rọ, géèmù baseball ló yọ, ó ti pààrọ̀ bébà iwájú ẹ̀. Ra Controller Pak, nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìdí kọ̀ǹtúrólà N64, mọ́ ọn kó lè tọ́jú àkọsílẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ti ń fi ẹgbẹ́ méjèèjì hàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tẹ bọ́tìnnì ìsáré lẹ́ẹ̀márùn-ún, ti fífò lẹ́ẹ̀kan, ti jíjù lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó o wá tẹ òkè, agbára ìsáré ẹ ò ní tán mọ́. Má tètè sọ fáwọn ọmọ o, kọ́kọ́ nà wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ná, torí tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, o ò rí wọn lé bá mọ́ nìyẹn.