Hutspot fún ìyàwó ọmọ mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Alásè. Ọmọ mi tó wà ní Nẹ́dálándì ń mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ọmọ ibẹ̀ ni, vegan sì ni: kì í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin, kì í mu wàrà. Ọmọ mi ní hutspot, ìyẹn ànàmọ́ òyìnbó àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n sè tí wọ́n sì tẹ̀ fọ́, ni ìyá ìyàwó òun máa ń sè fún un nígbà òtútù. Mo fẹ́ sè é ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé. Ṣé ó ṣeé ṣe?
Ìyá Ọkọ, Àjárá, Badagry

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú ìmúra àlejò. Ó ṣeé ṣe dáadáa, inú mi sì dùn pé oúnjẹ ìyá ọmọ náà lẹ rò kàn.

Obìnrin ará Leiden kan, ìlú kan ní Nẹ́dálándì, ló kọ́ mi, nígbà tí mo ń dáná nílé àlejò kan létí ọ̀sà níbí. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ni ìlú rẹ̀ máa ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 1574, ọmọ ogun Spéìn dó tì wọ́n títí ebi fi ń pa ará ìlú kú. Nígbà tí ogun náà sá lọ, ìtàn ní ìkòkò hutspot kan ni wọ́n bá nínú àgọ́ tó ṣófo.

Fún ẹni mẹ́rin: kílò kan ànàmọ́ òyìnbó, ìyẹn áírìṣì, ìdajì kílò kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta. Ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ lọ́jà Agbálátà. Ẹ gé kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́, torí kì í tètè jinná, kí òun àti àlùbọ́sà wà nísàlẹ̀ ìkòkò, kí ànàmọ́ wà lókè. Iyọ̀, omi tí kò bò ó tán, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dà á nù.

Ibí ni ọwọ́ wa ti máa ń ṣìnà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sínú odó. Mo gún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń fà bí àtè. Iyán ló yẹ kó fà. Èyí, ẹ fi orógùn tẹ̀ ẹ́ fọ́ nínú ìkòkò, kí èérún kárọ́ọ̀tì ṣì máa hàn nínú rẹ̀.

Bọ́tà àti wàrà màlúù ni wọ́n máa ń fi rò ó níbẹ̀. Àwa ní àgbọn, kò sì sí èyí tó dára tó ti Badagry wa. Ẹ rin ẹyọ kan, ẹ da ife omi gbígbóná kan sí i, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó dúró, kí ẹ bu èyí tó ki lórí. Ṣíbí ìjẹun mẹ́fà tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, adùn àgbọn á bo ti kárọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀. Ẹ wọ́n iyèré díẹ̀ sí i.

Ẹran màlúù ni wọ́n ń jẹ mọ́ ọn. Ẹ fi wàrà sóyà tó dì dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọn kò tíì dín ni kí ẹ rà, torí àwọn kan máa ń tì í bọ inú ẹyin kí wọ́n tó dín in. Ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ dín in pẹ̀lú òróró tuntun títí á fi pọ́n. Nínú òróró yẹn kan náà, ẹ dín àlùbọ́sà mìíràn kó pọ́n dáadáa, ẹ fi irú díẹ̀ sí i, ìyẹ̀fun ṣíbí kékeré kan, kí ẹ wá da omi ànàmọ́ tí ẹ ti sẹ́ sí i. Tí ẹ bá bu hutspot sáwo, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ṣe kòtò sí àárín, ibẹ̀ lọbẹ̀ ń gbé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn gan-an nìyẹn, inú ọmọ náà á dùn tó bá rí i.

Màmá, ọ̀rọ̀ edé ńkọ́? Ọwọ́ wa ti mọ́ ọn jù. Kò gbọdọ̀ kan ìkòkò yìí, àní ṣíbí tí ẹ fi ro ọbẹ̀ ẹja pàápàá. Ẹ ka ara páálí mágì kí ẹ tó lò ó, adìyẹ wà nínú àwọn mìíràn. Ẹ lọ ata sọ́tọ̀ sínú àwo kékeré fún ọmọ yín, ó ti pẹ́ tó ti jẹ ata ilé.