Èsì: Ìbọn ìléwọ́ lábẹ́ agbádá níbi ọdún Ṣàngó

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àbúrò yín tó ń bọ̀ láti Texas fẹ́ fi ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ agbádá wá síbi ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ lóṣù August, torí pé òfin gbà á láyè lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró.

Lóòótọ́, láti ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin Texas kò kọjá Texas. Ní Nàìjíríà níbí, Òfin Ìbọn ọdún 1959 ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbọn èèwọ̀, ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú bọ́ǹbù! Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù. Kò sí pé mo fi pamọ́ ni, mi ò yìn ín.

Bó bá ń tọ́ka sí àwọn ọdẹ tó ń yin ṣakabùlà, ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ ni tiwọn, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Ẹ tiẹ̀ ro ọ̀pọ̀ èrò níbẹ̀, ìlù bàtá ń dún, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé elégùn Ṣàngó, kí ìbọn ṣèèṣì yìn lábẹ́ agbádá ẹnìkan. Ọkàn mi kò gbà á rárá.

Kó fi í sílé rẹ̀ lọ́hùn-ún kó tó wọ bàálù.